Alessandro Volta: Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára gbogbo bátìrì

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní Àkúrẹ́, tí iná bá sì lọ lójijì ní òpópó Ọba Adésídà, kì í pẹ́ rárá kí ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá aláta tí kò tíì palẹ̀ ọjà mọ́ yóò tan tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀, oníṣòwò tó ní ìnfátà yóò máa bá òwò rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ọmọ ilé-ìwé yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ fóònù ka ìwé rẹ̀. Bákan náà lọmọ ṣe orí ní ìlú Oǹdó. Ọdẹ tó fẹ́ wọ igbó lóru yóò so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí, bàbá àgbà yóò sì jókòó ti rédíò rẹ̀ láti gbọ́ ìròyìn, kò ní í retí kí iná dé kó tó gbọ́ ọ.

Inú bátìrì ni gbogbo agbára wọ̀nyí ti ń jáde. Bí ènìyàn bá yà sọ́dọ̀ àwọn rìwáyà tí wọ́n ń ṣá bátìrì ọkọ̀ lẹ́bàá títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tó sì wo ara bátìrì tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, yóò rí nọ́ńbà 12, lẹ́tà V yóò sì tẹ̀ lé e. Ti tọ́ọ̀ṣì, 1.5 ni wọ́n máa ń kọ sí i, lẹ́tà V kan náà ló sì ń tẹ̀ lé e. Volt ni lẹ́tà yìí dúró fún. Òun ni wọ́n fi ń wọn ipá tó ń ti iná mọ̀nàmọ́ná lọ nínú wáyà, bí wọ́n ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Wọ́n gé e kúrò lára orúkọ Alessandro Volta, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó kọ́kọ́ ṣe bátìrì fún aráyé ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn.

Bí wọ́n bá dárúkọ Volta ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, odò ńlá tó wà ní ilẹ̀ Gánà ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Odò náà kò bá ọkùnrin yìí tan rárá. Àwọn ará Pọtogí tí wọ́n wá wúrà wá sí etíkun náà ló sọ odò ọ̀hún lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn sì ni yíyí tàbí pípadà. Wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí Volta tí ìtàn yìí dá lé lórí.

Ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1745 ni wọ́n bí Alessandro Volta ní ìlú Como, ìlú kan tó wà létí adágún omi ní àríwá ilẹ̀ Ítálì. Ítálì kò tíì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan nígbà náà. Ọba ilẹ̀ Ọ́sítríà ló ń ṣàkóso agbègbè Lombardy tí Como wà. Ìdílé ọlọ́lá ni ìdílé Volta, ṣùgbọ́n ọlá náà ti kù sí orúkọ, owó kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Filippo ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, ìyá rẹ̀ sì ni Maddalena Inzaghi. Àwọn àlùfáà ìjọ Kátólíìkì pọ̀ nínú ẹbí náà, bàbá fúnra rẹ̀ pàápàá ti wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ àlùfáà Jésúìtì rí kó tó di pé ó kúrò níbẹ̀ tó sì gbéyàwó.

Ọmọ yìí kó ìdààmú bá àwọn òbí rẹ̀ ní kékeré. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin kó tó sọ̀rọ̀, àwọn kan sì ti gbà pé odi ni, tàbí pé orí rẹ̀ kò pé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún méje, ó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ó sì ti ń ta wọ́n yọ. Àkókò yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ kú, tí kò sì fi nǹkan gidi sílẹ̀. Àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ ló gba ìtọ́jú rẹ̀ ṣe.

Ohun tí wọn yóò fi ọmọ náà ṣe wá di ọ̀rọ̀. Àwọn ẹbí fẹ́ kó kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, nítorí pé owó wà nídìí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ nílé-ìwé Jésúìtì ní Como rí bí ọpọlọ rẹ̀ ti jí pépé tó, wọ́n sì fẹ́ fà á wọ iṣẹ́ àlùfáà. Èyí bí àwọn ẹbí nínú, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti yan tirẹ̀ lọ́kàn. Iná mọ̀nàmọ́ná ló fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó lówó lọ́wọ́, Giulio Cesare Gattoni, fún un láyè láti máa lo yàrá àti irinṣẹ́ rẹ̀. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti ń kọ̀wé sí àwọn ọ̀mọ̀wé tí òkìkí wọn kàn ní Paris àti Turin, ó ń bi wọ́n léèrè, ó sì ń bá wọn jiyàn. Kò lọ sí yunifásítì kankan gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé kíkà, ọwọ́ ara rẹ̀ àti ìwé kíkọ sí àwọn tó mọ̀ jù ú lọ ló sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé.

Ní ọdún 1774, wọ́n fi í ṣe alábòójútó ilé-ìwé ìjọba ní Como. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní electrophorus, èyí tí ènìyàn lè fi gba agbára iná léraléra lẹ́yìn tó bá ti fi ọwọ́ ra á lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹlòmíràn ti ronú kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló tún un ṣe tó fi wúlò, orúkọ rẹ̀ sì tàn dé òkè òkun. Ní ìparí ọdún 1776, nígbà tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí adágún Maggiore, ó fi ọ̀pá ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi níbi àbàtà, ó sì gba afẹ́fẹ́ tó ń hó sókè láti inú ẹrẹ̀ náà sínú ìgò. Nígbà tó ṣáná sí i, ó gbiná. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní methane lónìí nìyẹn, ó sì wà nínú gáàsì tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀ ní Niger Delta.

Láti ọdún 1778 ni wọ́n ti yàn án sípò ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pavia, ibẹ̀ ló sì wà fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ó rìnrìn àjò lọ sí Switzerland, sí ilẹ̀ Faransé, sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Lavoisier, Laplace àti Priestley pàdé. Ní ọdún 1791, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ga jù ní London, Royal Society, gbà á wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún yẹn ni Volta kú, wọn ì bá ṣì rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé pàtàkì kan. Àmọ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ kárí ayé kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí iṣẹ́ náà tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kó mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe rí láyé ìgbà náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ìfọwọ́ra dá a sílẹ̀, bí ẹni tó fi aṣọ ra gíláàsì. Wọ́n tún mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú ìgò tí wọ́n fi bébà irin wé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ìgò náà, gbogbo agbára inú rẹ̀ yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìró àti iná, ó sì tán nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn da omi igbá kan nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó ní ìsun tí omi náà lè máa ti inú rẹ̀ ṣàn láìdáwọ́ dúró. Láìsí ìṣàn bẹ́ẹ̀, kò sí bí tọ́ọ̀ṣì, rédíò tàbí fóònù ṣe lè wà láyé.

Ọ̀nà tí Volta gbà dé ibi ìsun náà ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé láti ara àkèré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Bologna, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Luigi Galvani, tó fi ohun tó lé díẹ̀ ní ọdún méje dàgbà ju Volta lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, olùfọkànsìn ẹlẹ́sìn ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí iṣan ara àkèré. Ó rí i pé bí òun bá fi ìkọ́ idẹ kọ́ itan àkèré tó ti kú, tí ìkọ́ náà sì kan irin, itan náà yóò fò bí ẹni pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1791, ó gbé ìwé jáde, ó sì ṣàlàyé pé inú ara ẹranko ni iná mọ̀nàmọ́ná yìí ti ń wá, pé iṣan ló tọ́jú rẹ̀ pamọ́, irin kàn ń ṣí ọ̀nà fún un láti jáde ni.

Ìwé náà mì gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé àṣírí ẹ̀mí gan-an ló tú. Nígbà tí Volta kà á ní ọdún 1792, ó yin Galvani, ó sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n kò fi mọ sórí kíkà. Ó lọ wá àkèré tirẹ̀, ó sì tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bí ó ti ń ṣe é lọ, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lọ́kàn. Bí irin méjèèjì tó fi kan àkèré bá jẹ́ oríṣi kan náà, itan náà kì í fẹ́ẹ̀ fò. Bí wọ́n bá jẹ́ oríṣi méjì, ó máa ń fò dáadáa. Bó bá jẹ́ pé inú àkèré ni agbára náà wà, èwo ni ti irú irin tí wọ́n fi kàn án?

Volta wá yọ àkèré kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ó fi ahọ́n ara rẹ̀ dípò rẹ̀. Ó fi bébà tíìnì lé iwájú ahọ́n, ó fi ṣíbí fàdákà lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì kanra. Ìtọ́wò kíkan kan bo ẹnu rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró títí tó fi ya irin méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹlòmíràn ti ṣàkíyèsí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó rí. Volta mọ̀ ọ́n. Ó sọ pé láti ibi tí irin oríṣi méjì ti pàdé ni agbára náà ti ń wá, pé ẹran ara tútù kàn jẹ́ ọ̀nà tó ń gbà kọjá ni, itan àkèré sì jẹ́ ohun tó ń fi hàn pé ó ti kọjá.

Báyìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù pín sí méjì, àwọn kan tẹ̀ lé Bologna, àwọn kan tẹ̀ lé Pavia. Galvani kò dákẹ́. Ní ọdún 1794, wọ́n tẹ ìwé kan jáde láìfi orúkọ sí i, èyí tó fi hàn pé itan àkèré lè fò nígbà tí iṣan kan iṣan láìsí irin kankan rárá. Ìdáhùn tó lágbára ni, Volta sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bú ara wọn, wọn kò sì ba ara wọn lórúkọ jẹ́ bí ìjà náà ti le tó. Volta kò yéé bọ̀wọ̀ fún ohun tí Galvani ṣàwárí, ìtumọ̀ tó fún un ni kò gbà. Ní ọdún 1794 kan náà, Royal Society fi àmì ẹ̀yẹ Copley dá Volta lọ́lá.

Ogun ló wá ya ọ̀nà àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1796, Napoleon Bonaparte kó ọmọ ogun Faransé wọ àríwá Ítálì, ó lé àwọn ará Ọ́sítríà, ó sì dá ìjọba tuntun sílẹ̀. Volta wà lára àwọn tí ìlú Como rán lọ kí ọ̀gágun náà káàbọ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ ìjọba tuntun. Ní ọdún 1798, wọ́n ní kí gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n búra fún ìjọba náà. Galvani kọ̀, nítorí pé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà fún un. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́, wọ́n gba ipò àti owó oṣù rẹ̀. Ọkùnrin tí ìyàwó ti kú fún náà padà sí ilé tí wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 4, oṣù kejìlá, ọdún 1798. Kò mọ ibi tí ìjiyàn àwọn méjèèjì yóò já sí.

Volta náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìyà ogun. Ní ọdún 1799, àwọn ará Ọ́sítríà padà dé, wọ́n sì ti Yunifásítì Pavia pa. Ẹni tó ti bá ìjọba Faransé ṣe di ẹni tí wọ́n ń wò lójú ìfura. Ó padà sílé ní Como láìníṣẹ́, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì ní àwọn ọmọ kéékèèké lọ́rùn. Inú ilé yẹn, ní ìgbà tí kò ní ipò kankan, ló ti parí iṣẹ́ tó tóbi jù láyé rẹ̀.

Ohun tó ṣe kò le. Ó gé fàdákà ní róbótó bí owó ẹyọ, ó sì gé síńkì bákan náà, irú síńkì tí wọ́n fi ń bo páànù ìbolé kó má baà dípẹtà. Ó gbé síńkì lé fàdákà, ó fi páálí tó rẹ sínú omi iyọ̀ lé e lórí, ó tún gbé fàdákà lé e, ó tún gbé síńkì lé e, ó tún fi páálí lé e, bẹ́ẹ̀ ló ń tò ó lọ sókè bí ẹni to àwo sórí ara wọn. Síńkì àti fàdákà kan péré kò lè ṣe nǹkan tó hàn sójú, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i ni agbára wọn ń ro pọ̀. Nígbà tó tò ó tó ogún tàbí ọgbọ̀n, tó sì fi ọwọ́ tútù méjèèjì kan orí àti ìdí rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Ó yọwọ́, ó tún fi kàn án, ó tún gbọ̀n ọ́n. Kò tán bíi ti ìgò. Ìsun tí gbogbo ayé ń wá ló rí yẹn.

Àwọn apẹja odò ilẹ̀ Yorùbá mọ ẹja òjìjí, ẹja tó máa ń gbọn ènìyàn bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án nínú omi. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ wà nínú òkun ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú, inú ara rẹ̀ sì kún fún nǹkan pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn. Volta sọ gbangba pé ẹja yìí ni iṣẹ́ òun fara jọ, ó tilẹ̀ fi orúkọ ẹ̀yà ara ẹja náà pe ohun tó ṣe. Ó tún fi ara rẹ̀ dán an wò ju bó ti yẹ lọ: ó ki ọ̀pá irin bọ etí méjèèjì, ó fi bátìrì náà kàn án, ó sì gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí nǹkan ń hó nínú ìkòkò. Ẹ̀rù bà á, kò sì ṣe é mọ́.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹta, ọdún 1800, ó kọ̀wé ní èdè Faransé sí Joseph Banks, olórí Royal Society ní London, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ṣe lè to tirẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì béèrè owó. Kí wọ́n tó ka lẹ́tà náà sétí ẹgbẹ́ ní oṣù kẹfà, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Nicholson àti Carlisle, ti to bátìrì tiwọn, wọ́n sì ti fi ya omi sí afẹ́fẹ́ oríṣi méjì, hydrogen àti oxygen. Ní ọdún 1807, Humphry Davy fi bátìrì ńlá yọ potassium àti sodium jáde, ohun méjì tí ojú ènìyàn kò rí lásán rí. Bí ìmọ̀ kẹ́mísírì tuntun ṣe gbérí nìyẹn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1801, Volta lọ sí Paris, ó sì ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Napoleon fúnra rẹ̀ wá jókòó, ó sì ní kí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá. Láti ìgbà náà ni ọlá ti ń rọ̀ lé e lórí: owó ìtọ́jú ọdọọdún, ipò aṣòfin àgbà, oyè ọlọ́lá ní ọdún 1810. Nígbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, Napoleon kò gbà fún un. Nígbà tí Napoleon ṣubú tí àwọn ará Ọ́sítríà tún padà dé ní ọdún 1814, Volta tún bá wọn rẹ́, ọba wọn sì fún un nípò ní Yunifásítì Padua. Àwọn kan bú u pé ẹni tó bá dé ló ń bá lọ. Àwọn mìíràn rí i bí ẹni tí kò fẹ́ ju pé kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Èyí tó wù kó jẹ́, ọ̀nà tirẹ̀ àti ti Galvani yàtọ̀: ẹnì kan kọ̀ láti búra, ó sì kú nínú òṣì, èkejì tẹrí ba kí ìjì kọjá, ó sì gbó, ó tọ́.

Ta ló wá jàre nínú ọ̀rọ̀ àkèré? Ìbéèrè yìí ni àwọn tó wá lẹ́yìn wọn dáhùn, ìdáhùn náà kò sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Volta jàre pé irin oríṣi méjì ló mú itan àkèré fò lórí ìkọ́. Galvani náà jàre pé iná wà nínú ara ohun alààyè: ìmọ̀ òde òní ti fi hàn pé iná kékeré ló ń gba inú iṣan kọjá láti ọpọlọ dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òun náà ni dókítà ń wò nígbà tó bá so wáyà mọ́ àyà aláìsàn láti mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Volta alára tún ṣìnà níbì kan. Ó gbà pé kí irin méjì ṣáà ti kanra ti tó, pé agbára náà kò ní í tán láéláé, omi iyọ̀ kàn jẹ́ ọ̀nà lásán. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí wà níwájú rẹ̀: síńkì rẹ̀ ń jẹ, páálí rẹ̀ ń gbẹ, bátìrì rẹ̀ sì ń rẹ̀wẹ̀sì. Láti inú bí síńkì ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú omi iyọ̀ náà gan-an ni agbára ti ń wá. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣìṣe ẹlòmíràn kò rí tirẹ̀.

Nínú ilé, ayé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ láriwo. Ó ti fẹ́ràn akọrin kan tó ń jẹ́ Marianna Paris rí, ó sì fẹ́ gbé e níyàwó, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí kọ̀ jálẹ̀ nítorí iṣẹ́ orí ìtàgé tó ń ṣe. Ní ọdún 1794, nígbà tó sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ó gbé Teresa Peregrini níyàwó, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, Flaminio, kú ní ọdún 1814 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ikú náà sì dun bàbá rẹ̀ wọra. Ní ọdún 1819, ó fi gbogbo ipò sílẹ̀, ó sì padà sí abúlé Camnago lẹ́bàá Como. Ibẹ̀ ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọjọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 1827, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 82. Laplace, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ayé àtijọ́ ní Paris, kú ní ọjọ́ kan náà gan-an.

Àwọn ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà níbi tó fi í sí. Ní ọdún 1859, Gaston Planté ti ilẹ̀ Faransé fi òjé àti áṣíìdì ṣe bátìrì tó ṣeé ṣá lẹ́yìn tó bá ti kú. Ìran rẹ̀ ni èyí tó wà nínú ọkọ̀ lónìí: yàrá mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní volt méjì, àròpọ̀ wọn sì ni 12 tí àwọn rìwáyà Àkúrẹ́ ń wò lára rẹ̀. Ní ọdún 1866, Georges Leclanché ṣe èyí tó wá di bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Páànù tó yí i ká jẹ́ síńkì, bíi ti Volta. Dúdú inú rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń lọ̀ láyé àtijọ́ láti fi kun pátákó ìkọ̀wé. Lithium ni ti fóònù. Ọdún 1991 ló kọ́kọ́ dé ọjà, àwọn mẹ́ta tó ṣe wàhálà lé e lórí sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019.

Ní ọdún 1881, àwọn onímọ̀ iná láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Paris, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé volt ni àwọn yóò máa fi wọn ipá iná. Ní ọdún 1899, nígbà tí Como ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún bátìrì, iná sọ ní gbọ̀ngàn àfihàn náà, ó sì jó ọ̀pọ̀ nínú irinṣẹ́ tí Volta fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí iná kò lè jó ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Ondo Boys' High School ní Oǹdó tàbí ti Oyemekun Grammar School ní Àkúrẹ́ tó bá to owó ẹyọ bàbà, síńkì àti páálí tó rẹ sínú omi iyọ̀ lé ara wọn lónìí yóò rí agbára kan náà tí Volta rí ní Como. Bí ọmọ náà bá sì ní ìgboyà láti béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ìwé sọ rí lóòótọ́, kó sì dán an wò fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí Volta tọ̀ ni òun náà mú pọ̀n.